Ta Ló Lè Pe Elékèé Lẹ́jọ́? Òfin Amẹ́ríkà lórí Ímeèlì Ìpolówó Ẹlẹ́tàn

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ níwájú àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Washington nìyí. Mo tún un tò díẹ̀ kó lè ṣeé kà.

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi ìsinmi yín sílẹ̀ wá síbí, mo kí yín. Ẹ kú ìjókòó o.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí òfin tó de ímeèlì ìpolówó tí ènìyàn kò béèrè fún, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní spam. Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ lẹ́yìn pé ọ̀rọ̀ Yahoo-Yahoo ti dé. Rárá o, n ò dé ibẹ̀ lónìí. Ẹni tó bá kọ̀wé sí yín pé bàbá òun fi òbítíbitì dọ́là pamọ́ sí báńkì kó tó kú, pé kí ẹ wá ran òun lọ́wọ́ láti gbé e jáde, gbájúẹ̀ ni. Òfin ti wà fún gbájúẹ̀ ní Nàìjíríà kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ ímeèlì, nọ́ńbà abala òfin náà sì ti di orúkọ kárí ayé: 419.

Ẹni tí mo ń bá wí yàtọ̀. Oníṣòwò gidi ni. Ó ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní ọjà, ọjà náà tilẹ̀ lè dára. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí òun bá sọ òtítọ́ nípa ohun tó wà nínú lẹ́tà òun, ẹ ò ní ṣí i. Nítorí náà ló ṣe purọ́ fún yín láti ìta.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa spam máa ń béèrè ohun tí òfin kà léèwọ̀. Ìbéèrè tèmi ni pé, nígbà tí oníṣòwò bá purọ́ fún yín báyìí, ta ni òfin fún lágbára láti pè é lẹ́jọ́? Mo gbà tọkàntọkàn pé òfin tí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì mú, kì í pẹ́ kó tó di bébà lásán. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún ọdún 1978, Gary Thuerk, tó ń polówó ọjà fún ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà Digital Equipment Corporation, fi ìkéde kan ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà sí nǹkan bí 400 ènìyàn lórí ARPANET, ìyẹn ohun tó bí íntánẹ́ẹ̀tì tí à ń lò lónìí. Ó ní kí wọ́n wá wo kọ̀ǹpútà tuntun ní California. Inú bí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n mo máa ń gbè é lẹ́yìn díẹ̀, torí pé kò fi ẹni tí òun í ṣe pamọ́, kò sì purọ́ nípa ohun tó ń tà. Ní oṣù Kẹrin 1994, tọkọtaya agbẹjọ́rò kan ní Arizona, Laurence Canter àti Martha Siegel, da ìkéde bo ẹgbẹẹgbẹ̀rún ibi ìjíròrò tó wà lórí Usenet pé kí àwọn èèyàn wá sanwó fún àwọn kí àwọn bá wọn kópa nínú lọ́tìrì Green Card. Ẹ̀yin tí ẹ tipasẹ̀ lọ́tìrì yẹn dé ìlú yìí kí wọ́n tó yọ Nàìjíríà kúrò nínú rẹ̀, ẹ mọ̀ pé bébà, bíró àti àpò lẹ́tà nìkan ló ń gbà nígbà náà. Ohun tí ènìyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni wọ́n ń tà.

Irọ́ gangan wá dé nígbà tí ímeèlì di ti gbogbo ayé. Ibi tí a jókòó sí yìí, ìpínlẹ̀ Washington, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣòfin sí i, ní 1998. Òfin náà kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má polówó. Ó ní ẹ kò gbọdọ̀ lo orúkọ ìkànnì ẹlòmíràn láìgbàṣẹ, ẹ kò gbọdọ̀ bo ojú ọ̀nà tí lẹ́tà gbà dé mọ́lẹ̀, àkòrí lẹ́tà, ìyẹn ìlà Subject tí ẹ máa ń rí kí ẹ tó ṣí i, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ irọ́ tàbí ohun tó lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ràn jùlọ nínú rẹ̀: bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nígbà náà, ẹni tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lè gba 500 dọ́là, tàbí iye tó pàdánù gan-an bí ìyẹn bá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ tó ń fún un ní íntánẹ́ẹ̀tì lè gba 1,000 dọ́là.

Ẹni àkọ́kọ́ tí ìpínlẹ̀ náà fi òfin yìí mú ni Jason Heckel, ará Oregon tó wà ní ìsàlẹ̀ wa níhìn-ín. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ẹjọ́ rẹ̀, torí gbogbo bí òwò yìí ṣe ń rìn ló hàn nínú rẹ̀.

Ìwé kékeré olójú-ewé 46 ni Heckel ń tà, nípa bí ènìyàn ṣe lè jèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Iye rẹ̀ jẹ́ 39.95 dọ́là. Láti tà á, ímeèlì tó ń fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ kan wà láàárín 100,000 sí 1,000,000. Iye ìwé tó ń tà lóṣù? Láti 30 dé 50. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ká ní 100,000 tó kéré jù yẹn ló ń fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀, ó ti lé ní 400,000 lóṣù. Ká sì ní 50 ìwé ló tà, á jẹ́ pé nínú ẹni 8,000, ẹnì kan ṣoṣo ló rà á, owó tó wọlé lóṣù náà kò sì pé 2,000 dọ́là. Kò sí ọlọ́jà tó máa fi irú èrè yìí san owó sítáǹbù. Òun náà kò san án. Àwọn ẹni 7,999 yòókù ló ń bá a san án: àkókò wọn, wáyà tẹlifóònù wọn tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì nígbà náà, àti ẹ̀rọ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń bá wọn tọ́jú ímeèlì. Nígbà tí lẹ́tà kò bá ná ẹni tó fi ránṣẹ́ ní ohunkóhun, ohun kan ṣoṣo ló kù tó lè fi kún èrè rẹ̀, ìyẹn ni pé kí àwọn tó ń ṣí i pọ̀ sí i. Ibẹ̀ ni irọ́ ti wọlé.

Àkòrí méjì ni Heckel máa ń lò. Ọ̀kan ń béèrè pé, "Ṣé àdírẹ́sì ímeèlì tó tọ́ ni mo ní yìí?" Èkejì ní, "Fún àyẹ̀wò rẹ, má fọwọ́ kàn án!" Ẹ wo ti àkọ́kọ́ yẹn dáadáa. Ta ló máa ń béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀? Ẹni tí ẹ jọ kàwé rí ni, mọ̀lẹ́bí tó ti pẹ́ tí ẹ ti fojú kàn án ni, ẹni tó ń wá yín kiri. Àwa tí èèyàn wa fọ́n ká láti Ìbàdàn dé London dé Houston, ta ni nínú wa tó máa rí irú rẹ̀ tí kò ní ṣí i? Ìfẹ́ tí ènìyàn ní sí ẹni rẹ̀ ni ọkùnrin yẹn fi tajà, ìdí nìyí tí mo fi ń bínú sí i títí dòní. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó ń ti lẹ́tà rẹ̀ gba inú ẹ̀rọ àwọn ẹlòmíràn láìgbàṣẹ, ó sì fi orúkọ ìkànnì tí kì í ṣe tirẹ̀ sí orí rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ tọpa rẹ̀ má lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ fojú ara yín rí bí ìyẹn ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ẹ mú kọ̀ǹpútà yín. Lórí Gmail, lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí ímeèlì kan, ẹ tẹ tóótòòtó mẹ́ta tó wà lápá ọ̀tún lókè, kí ẹ wá mú ibi tí wọ́n kọ Show original sí. Ìwé jágbajàgba kan máa ṣí. Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù. Lórí rẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹ máa rí àwọn ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Received. Bí òǹtẹ̀ tí ilé ìfìwéránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń tẹ̀ sára àpò lẹ́tà ni wọ́n rí: gbogbo ẹ̀rọ tí lẹ́tà náà gba ọwọ́ rẹ̀ ló tẹ tirẹ̀, èyí tó dé kẹ́yìn ló sì wà lókè pátápátá. Ìlà From tí ẹ máa ń rí lójoojúmọ́, tó sọ pé ẹni báyìí ló kọ̀wé, ẹni tó fi ránṣẹ́ ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Nínú ètò tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún ímeèlì, kò sí ohun tó ní kó kọ òtítọ́ síbẹ̀. Àárín àwọn tó mọ ara wọn ni wọ́n ti ṣe ètò yẹn, kò sì sẹ́ni tó rò pé ọjà máa dé ibẹ̀.

Agbẹjọ́rò Heckel kò sọ ní ilé ẹjọ́ pé oníbàárà òun kò purọ́. Ohun tó sọ ni pé Washington kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣòfin fún ará Oregon, pé ìjọba àpapọ̀ nìkan ló lè ṣàkóso òwò láàárín ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀, pé báwo ni ènìyàn ṣe fẹ́ mọ ìpínlẹ̀ tí àdírẹ́sì ímeèlì wà? Ní ọdún 2000, adájọ́ gbà fún un, ó da ẹjọ́ náà nù. Ní 2001, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Washington dá a padà. Èsì tí wọ́n fọ̀ wúlò fún gbogbo wa: wọ́n ní ẹrù kan ṣoṣo tí òfin yìí gbé lé oníṣòwò lórí ni pé kó sọ òtítọ́, òtítọ́ kì í sì í dí òwò lọ́wọ́, ó ń jẹ́ kó máa tẹ̀ síwájú ni. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí ní 2002, ìtanràn rẹ̀ jẹ́ 2,000 dọ́là péré, ṣùgbọ́n owó agbẹjọ́rò àti ìnáwó ẹjọ́ tí wọ́n dá lé e lórí lé ní 90,000.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba àpapọ̀ dá sí i. Conrad Burns, sẹ́nétọ̀ Montana, àti Ron Wyden ti Oregon ló gbé àbá náà wá. Ní oṣù Kẹwàá 2003, ẹni 97 dìbò fún un ní Ilé Aṣòfin Àgbà, ẹnì kan kò ta kò ó. Ààrẹ George W. Bush bu ọwọ́ lù ú ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2004. CAN-SPAM ni wọ́n ń pè é.

Ohun tó sọ dára. Orúkọ àti ojú ọ̀nà lẹ́tà gbọ́dọ̀ jẹ́ òtítọ́. Àkòrí kò gbọdọ̀ tan ènìyàn jẹ nípa ohun pàtàkì tó wà nínú lẹ́tà. Kí ó hàn pé ìpolówó ni. Kí àdírẹ́sì ibi tí ilé-iṣẹ́ náà wà gan-an, tí lẹ́tà lè dé, wà nínú rẹ̀. Kí ọ̀nà wà tí ènìyàn máa fi sọ pé kí wọ́n má kọ̀wé sí òun mọ́, kí ọ̀nà náà sì máa ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 30 ó kéré tán lẹ́yìn tí lẹ́tà bá jáde. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ orúkọ rẹ̀ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àti ẹni tó fi lẹ́tà ránṣẹ́ àti ẹni tí wọ́n ń bá polówó ọjà rẹ̀, òfin lè mú àwọn méjèèjì. Ìtanràn lórí ímeèlì kan ṣoṣo lè tó 53,088 dọ́là, gẹ́gẹ́ bí iye tí wọ́n gbé e sí ní 2025.

Ó dára, àbí? Ẹ wá jẹ́ ká padà sórí ìbéèrè mi. Ta ló lè lo òfin yìí? Federal Trade Commission, ìyẹn FTC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, lè lò ó. Agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè lò ó. Ilé-iṣẹ́ tó ń fún ni ní íntánẹ́ẹ̀tì lè lò ó. Ẹ̀yin tí wọ́n purọ́ fún, tí ẹ jókòó níwájú mi yìí, ẹ kò sí níbẹ̀. Òfin yẹn kò fún ẹni tó gba lẹ́tà láǹfààní láti pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ lábẹ́ rẹ̀.

Ó tún ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. California ti ṣe òfin tirẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, èyí tó ní kí oníṣòwò tọrọ àyè kó tó kọ̀wé, tó sì fún ẹni tó gba lẹ́tà láyè láti gba 1,000 dọ́là lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2004 ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ni CAN-SPAM dé, tó sì gbé òfin àwọn ìpínlẹ̀ jù sẹ́yìn. Èyí tó pọ̀ jù nínú òfin California kú lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀. Ibi kan ṣoṣo ni ìjọba àpapọ̀ fi sílẹ̀ fún àwọn ìpínlẹ̀: apá tó bá de irọ́ àti ẹ̀tàn nínú ímeèlì ìṣòwò. Ibi tóóró yẹn ni ẹ̀tọ́ ará ìlú fara pamọ́ sí láti ìgbà náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé àkòrí lẹ́tà, ìlà kékeré yẹn, ló lágbára jùlọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Àwọn kan máa ní kí ló dé tí wọn ò ṣe ìwé orúkọ àwọn tí kò fẹ́ ìpolówó, bí wọ́n ṣe ṣe é fún ipè tẹlifóònù. Wọ́n rò ó. FTC fèsì ní oṣù Kẹfà 2004 pé bí àwọn bá kó àdírẹ́sì ímeèlì gbogbo èèyàn jọ sójú kan, ọwọ́ àwọn ọ̀daràn gan-an ló máa bọ́ sí. Mo gbà pé òótọ́ ni wọ́n sọ.

Kò túmọ̀ sí pé gbogbo òfin tó bá le ló dára o. Virginia mú Jeremy Jaynes, ọ̀kan lára àwọn tó ń da spam jáde jùlọ nígbà náà, wọ́n dájọ́ ẹ̀wọ̀n ọdún 9 fún un. Ní oṣù Kẹsàn-án 2008, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Virginia fagi lé ìdájọ́ náà. Wọ́n rí i pé ẹ̀bi òfin náà ni: kò mọ sórí ìṣòwò. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ẹni tó bá fi orúkọ pamọ́ láti sọ̀rọ̀ òṣèlú tàbí ti ẹ̀sìn lè kó sí i lọ́wọ́, ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí sì dáàbò bo irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àwa tí a ti gbé lábẹ́ ìjọba ológun mọ ìdí tí ènìyàn fi lè fi orúkọ pamọ́ kó tó sọ òtítọ́. Irọ́ orí àtẹ ọjà ni kí òfin dojú kọ.

Ẹjọ́ kan tún wà tí n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ní 2009, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀ lápá ìwọ̀-oòrùn níhìn-ín dá ẹjọ́ James Gordon tó pe ilé-iṣẹ́ Virtumundo lẹ́jọ́. Gordon ń kó spam jọ kó lè máa fi pe ẹjọ́, ó ní òun náà jẹ́ ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n lé e jáde. N kò rò pé wọ́n ṣẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ọ̀pọ̀ agbẹjọ́rò ni kò fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ spam mọ́, àwọn tí wọ́n sì purọ́ fún lóòótọ́ ló jìyà rẹ̀.

Ó wá di oṣù Kẹrin 2025. Ṣáájú ìgbà yẹn, àwọn obìnrin méjì ní Washington ti pe Old Navy, ilé-iṣẹ́ tó ń ta aṣọ, lẹ́jọ́ lórí òfin 1998 wa yìí. Ẹ̀sùn wọn ni pé àkòrí ímeèlì ilé-iṣẹ́ náà ń sọ pé ẹ̀dínwó máa parí lónìí, tí ẹ̀dínwó náà sì ń bá a lọ lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n dá. Ẹ̀yin náà mọ irú rẹ̀: "Ọjọ́ ìkẹyìn!" Ọjọ́ kejì ẹ tún rí i. Ilé-iṣẹ́ náà ní òfin yẹn kò kan àwọn, pé ohun tó kà léèwọ̀ ni kí ènìyàn bo ìpolówó mọ́lẹ̀ bí ẹni pé kì í ṣe ìpolówó, bíi ti Heckel. Ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ bá béèrè lọ́wọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti ìpínlẹ̀ pé kí ni òfin yín túmọ̀ sí gan-an. Ní oṣù Kẹrin 2025 yẹn, adájọ́ 5 sí 4 ló dáhùn pé irọ́ yòówù kó wà nínú àkòrí lẹ́tà, òfin kà á léèwọ̀. Ìdáhùn lórí ohun tí òfin túmọ̀ sí nìyẹn. Kì í ṣe pé wọ́n ti dá ilé-iṣẹ́ náà lẹ́bi.

Àwọn adájọ́ náà kò sì le jù. Wọ́n ní bí oníṣòwò bá kàn ń yangàn pé ọjà òun ló dára jùlọ lọ́dún, ìyẹn kì í ṣe irọ́ tí òfin ń wá. Gbogbo wa mọ bí ìpolówó ọjà ṣe rí. Ìyá tó ń tà lọ́jà Bodija lè ní ata òun ló dùn jù nílùú, kò sẹ́ni tó máa pè é lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n "ó parí lónìí" jẹ́ ohun tí ènìyàn lè yẹ̀ wò bóyá òótọ́ ni. Ènìyàn máa sáré ra ohun tí kò ní owó rẹ̀ lọ́wọ́ nítorí ọ̀rọ̀ náà.

Àwọn ilé-iṣẹ́ pariwo pé 500 dọ́là lórí ímeèlì kan, bí ẹ bá sọ ọ́ di iye ènìyàn tó wà nínú ìwé orúkọ àwọn, lè ba òwò jẹ́. Mo gbọ́ wọn. Mo kàn ń wo iye tí wọ́n ti jèrè láti ara ìkánjú èké yẹn, mo sì ń wo bó ṣe rọrùn tó láti má kọ irọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí ní ìlú ọba, òfin tiwọn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 2003, ó sì gba ọ̀nà mìíràn: oníṣòwò gbọ́dọ̀ gba àyè lọ́wọ́ ènìyàn kó tó kọ̀wé, àfi bí ẹni náà bá ti jẹ́ oníbàárà rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó sì fún un láyè láti kọ̀. Ẹni tó bá pàdánù nítorí rẹ̀ sì lè lọ sí kóòtù fúnra rẹ̀. Ní 2005, Nigel Roberts ṣe bẹ́ẹ̀, ó gba 270 pọ́n-ùn lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan tí kò tilẹ̀ wá jẹ́jọ́. Owó náà kéré, àmọ́ òun ló gbà á.

Nàìjíríà ńkọ́? Òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti 2015 dárúkọ spam, ó sì fi ẹ̀wọ̀n ọdún 3 tàbí ìtanràn mílíọ̀nù kan náírà sí i. Ṣùgbọ́n ẹ ka bí wọ́n ṣe kọ ọ́: ẹni tó fi spam ránṣẹ́ pẹ̀lú èrò láti da iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rú ni. Oníṣòwò tó purọ́ nínú àkòrí kò fẹ́ da kọ̀ǹpútà kankan rú. Owó yín ló ń wá. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018 de irọ́ nínú ìpolówó, ó sì gbà kí oníbàárà lọ sí ilé ẹjọ́ fúnra rẹ̀. Òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 gbà kí ènìyàn kọ ìpolówó tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ ṣe. Ẹ̀tọ́ wà níbẹ̀, n ò ní fi dù wọ́n. Ohun tí kò sí ni iye pàtó. Bí mo bá gba "Re: Ìwé Ìpín Ilẹ̀ Yín" láti Èkó, kí ni mo fẹ́ sọ fún adájọ́ pé mo pàdánù? Ìṣẹ́jú méjì? Ṣé ìṣẹ́jú méjì ni máa san owó lọ́yà lé lórí? Iye pàtó tí Washington kọ sínú òfin rẹ̀ ló yanjú èyí. Bí àwọn aṣòfin wa l'Ábújá bá fẹ́ ṣe ohun kan ṣoṣo lórí ọ̀rọ̀ yìí, kí wọ́n kọ iye kan síbẹ̀, kí ẹni tí wọ́n purọ́ fún má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ẹ̀rí àdánù kiri.

Kì í ṣe àlá ni mo fi dárúkọ "Re:" yẹn. Arábìnrin kan láàárín wa ló gbà á, ó sì fún mi láyè láti fi hàn yín. Ẹ wò ó lórí ògiri. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta ilẹ̀ lápá Ibeju-Lekki ló fi ránṣẹ́. Mo ti bo orúkọ wọn. "Re" túmọ̀ sí pé ẹ ti kọ̀wé sí wọn tẹ́lẹ̀, pé èsì ni wọ́n ń fọ̀. Kò kọ̀wé sí wọn rí. "Ìwé ìpín ilẹ̀ yín" túmọ̀ sí pé ó ti ra ilẹ̀. Kò ra ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn rí. Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀: kò sí àdírẹ́sì ọ́fíìsì, kò sí ibi tí ènìyàn máa tẹ̀ láti jáde. Lẹ́tà kan ṣoṣo, ibi mẹ́ta ló ti ta ko òfin Amẹ́ríkà. Pé Èkó ni wọ́n wà kò sì dáàbò bò wọ́n tó bí wọ́n ṣe rò. Láti 2006 ni òfin kan ti fún FTC láyè láti bá àwọn aláṣẹ ilẹ̀ òkèèrè pín ìwádìí, ní 2013 sì ni FTC bá EFCC àti àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn.

Bí irú rẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ ṣí Show original tí mo fi hàn yín, ẹ tọ́jú gbogbo rẹ̀, torí àwòrán ojú fóònù nìkan kò ní àwọn ìlà Received yẹn nínú. Ẹ lọ sórí reportfraud.ftc.gov, kí ẹ sì kọ sí ọ́fíìsì agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ yín pẹ̀lú. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ní kí wọ́n yọ orúkọ yín. Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ jọ̀ọ́, bí ó bá jẹ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí ló kọ̀wé, tí lẹ́tà náà sì fu yín lára, ẹ má tẹ ohunkóhun nínú rẹ̀, títí kan ibi tí wọ́n ní ẹ máa tẹ̀ láti jáde. Oníṣòwò gidi ni òfin lè fipá mú láti yọ orúkọ. Gbájúẹ̀ kàn máa fi ìtẹ̀ yẹn mọ̀ pé ẹnì kan wà nídìí àdírẹ́sì náà ni.

Nígbà tí mo parí, ìyá wa kan tó ń ta aṣọ òkè àti ìlẹ̀kẹ̀ dìde. Wọ́n ní ẹ̀rù ti ń ba àwọn, pé àwọn ní orúkọ oníbàárà tó tó 600, pé oṣooṣù ni àwọn ń kọ̀wé sí gbogbo wọn nígbà tí ẹrù bá dé láti Ìsẹ́yìn. Ṣé kí àwọn jáwọ́ ni?

Mo ní rárá o, mà, ẹ má jáwọ́. Ẹ kọ orúkọ ọjà yín síbi From. Ẹ kọ ọ́ sórí lẹ́tà pé aṣọ òkè tuntun ti dé, tó bá ti dé lóòótọ́. Bí ẹ̀dínwó bá máa parí ní Sátidé, kó parí ní Sátidé. Ẹ kọ àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù yín sísàlẹ̀. Bó bá jẹ́ ilé ni ẹ ti ń tà, tí ẹ kò fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n, òfin gbà kí ẹ lo àpótí ìfìwéránṣẹ́ tí ẹ forúkọ sílẹ̀ fún ní póòsì. Kí wọ́n rí ibi kan tẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ jáde. Ìyá náà wá béèrè pé, tí oníbàárà bá sọ pé òun fẹ́ jáde ní ọjọ́ Ẹtì tí àwọn sì ti kọ lẹ́tà Ọjọ́ Ajé sílẹ̀ ńkọ́? Mo ní òfin fún yín ní ọjọ́ iṣẹ́ 10, Sátidé àti Ọjọ́ Àìkú kò sí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ èmi ni, alẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn náà ni máa yọ ọ́.